Ẹ̀rọ Akégbàjarè àti Àwa Tí Ń Lọ Sójú Omi

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

 

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé tí ó kọjá. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé àwọn fẹ́ dá owó láti ra ẹ̀rọ kékeré kan fún àwọn apẹja wa, ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi ké sí ayé bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú òkun. Àwọn kan nínú wa ní kí a gbà á, kí a sì dúpẹ́. Àwọn mìíràn ní kí a fi owó náà parí òrùlé gbọ̀ngàn ìlú, nítorí pé gbọ̀ngàn ni ojú àlejò ń rí. Nítorí pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ rédíò nínú ọkọ̀ òkun kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n rò pé n ó lè là á yé yín. Èmi kò wá láti tajà. N kò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ rà á tàbí kí ẹ má rà á, títí n ó fi sọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò béèrè lọ́wọ́ wa lẹ́yìn tí a bá ti sanwó rẹ̀ tán.

Kò sí ẹni tí ó jókòó síhìn-ín tí kò mọ ilé kan tí a ti dúró de ẹni tí ó lọ sójú omi, títí a fi dẹ́kun dídúró. Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, gbogbo wa ni a mọ ohun tí a máa ń ṣe. A ó bi àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé bóyá wọ́n pàdé rẹ̀. A ó pe fóònù tí kò ní wọlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ méjì mẹ́ta yóò jáde, wọn yóò sì gba ibi tí ọkàn wọn bá gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n òkun kò ní oríta, kò sì ní ipa ẹsẹ̀. Ìgbì tí ó dojú ọkọ̀ dé ní àárọ̀ ti lè gbé ẹni tí ó dì mọ́ ọn jìnnà réré kí ó tó di ọ̀sán. Àwọn tí ń wá a kò ṣọ̀lẹ, wọn kò sì ṣojo. Wọn kò mọ ibi tí ó wà ni.

Kí ni ẹ̀rọ tí a ń wí yìí? Òyìnbó ní orúkọ púpọ̀ fún un. Èyí tí ènìyàn ń gbé sára ni wọ́n ń pè ní PLB. Èyí tí ń bẹ lára ọkọ̀ òkun ni EPIRB. Èyí tí ń bẹ nínú ọkọ̀ òfuurufú ni ELT. Èmi yóò máa pe gbogbo wọn ní ẹ̀rọ akégbàjarè, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ké gbàjarè fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń gun òkè yìnyín, àwọn tí ń la aṣálẹ̀ kọjá, àwọn tí ń wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé, gbogbo wọn ni ó ń gbé e sára, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré rìn lójú òkun. Èyí tí a ń gbé sára kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tí a ká mọ́ ọn lára, tí a ó nà sókè bí a bá fẹ́ lò ó, ó sì ní bọ́tìnnì kan tí a bò kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. A kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ kò lè fi kí ìyàwó yín, ẹ kò sì lè fi béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja lọ́jà. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ohun kan ṣoṣo ni yóò máa wí títí bátìrì rẹ̀ yóò fi tán: nọ́ḿbà mi nìyí, mo wà nínú ewu, ibi tí mo wà nìyí.

Orí ìgbì rédíò tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ni ó ti ń sọ ọ́, èyí tí í ṣe 406 MHz. Kì í sọ ọ́ láìdánudúró. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 sí 50 ni ó ń sọ ọ́, gbólóhùn náà kò sì gbà ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ; bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣọ́ agbára rẹ̀ ná. Nǹkan bí 5 wáàtì ni agbára tí ó fi ń ké, èyí tí kò tó ti gílóòbù tí ẹ ń tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bátìrì èyí tí a ń gbé sára gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ti ọkọ̀ òkun fún wákàtí 48. Àwọn kan nínú ti ọkọ̀ òkun a máa já ara wọn gbà bí ọkọ̀ bá rì, wọn a léfòó, omi tí ó kàn wọ́n ni yóò sì jí wọn sí iṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé kò sí ọwọ́ ẹ̀dá kan tí ó tẹ̀ wọ́n.

Ta ni ó wá ń gbọ́ ohùn tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀? Àwọn sátẹ́láìtì ni. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn kan ń fò ní nǹkan bí 850 kìlómítà sókè, wọ́n sì ń yí ayé po láàrin nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú. Àwọn kan wà lókè réré, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n dúró lójú kan lójú àwa tí a wà nílẹ̀. Àwọn kan sì wà láàrin, ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà: àwọn yìí kan náà ni ó ń fi ọ̀nà han fóònù yín, tí a sì fi etí gbígbọ́ igbe kún iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní ni ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì afọ̀nàhàn mọ ibi tí wọ́n wà, tí wọ́n sì ń fi í kún igbe wọn, dé ibi tí a fi lè mọ ọ̀gangan ibi tí ènìyàn wà láàrin nǹkan bí 100 mítà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ mọ ibi tí òun wà, sátẹ́láìtì tí ń fò nísàlẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí ó ń gbà mọ̀ ọ́n wù mí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ dúró létí títì kí ọkọ̀ akérò kan máa fọn fèrè bọ̀ pẹ̀lú eré. Bí ó ti ń bọ̀, ohùn fèrè náà ga. Bí ó bá ti kọjá yín tán, ohùn náà a lọ sílẹ̀. Dírẹ́bà kò fi ọwọ́ kan fèrè. Eré ọkọ̀ ni ó yí ohùn náà padà ní etí yín. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa tí a ń sọ èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fi ń ya ọ̀rọ̀ nípá. Ní ọdún 1957, nígbà tí Soviet Union ju Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, sí òfuurufú, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà jókòó ti rédíò, wọ́n ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ ipa ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Láìpẹ́ wọ́n rí i pé a lè da ọ̀rọ̀ náà délẹ̀: bí a bá ti mọ ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń tọ̀, a lè fi gòkè-sọ̀kalẹ̀ ohùn mọ ibi tí ẹni tí ó wà nílẹ̀ wà. Bí sátẹ́láìtì ìsàlẹ̀ ṣe ń rí ẹni tí ó sọnù nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ju kí ó mọ ibẹ̀ láàrin ìwọ̀n kìlómítà mélòó kan.

Àwọn tí ó ṣe ètò yìí kò ṣe é lásán. Òfò ni ó tì wọ́n sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1972, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbéra ní Anchorage ní ilẹ̀ Alaska, ó ń lọ sí Juneau. Ènìyàn mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ aṣòfin Amẹ́ríkà: Hale Boggs, olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó pọ̀ jù ní ilé aṣojú, àti Nick Begich. Ọkọ̀ náà kò dé. Wọ́n fi ọjọ́ 39 wá a. Títí di òní olónìí a kò rí i, a kò sì rí òkú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ akégbàjarè ti wà ní àkókò náà, kódà awakọ̀ òfuurufú náà ní ọ̀kan tí a ń gbé lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ìwádìí wá ẹ̀rọ náà kiri, inú ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, ní Fairbanks, ni wọ́n ti bá a.

N ó padà sórí ẹ̀rọ tí ó wà ní Fairbanks yìí, nítorí mo mọ ìwà wa.

Ní ọdún 1979, Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti Soviet Union fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan láti máa gbọ́ igbe àwọn tí ó sọnù láti òfuurufú. Ẹ rántí pé ní àkókò náà gan-an ni Amẹ́ríkà àti Soviet kọjú ohun ìjà olóró sí ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n jókòó papọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ ètò náà, Cospas-Sarsat, fi èdè méjèèjì hàn: ìlàjì rẹ̀ ti èdè Rọ́ṣíà wá, ìlàjì kejì ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1982, Soviet ju sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ fún un. Oṣù kẹta kò tíì pé nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan já sí àárín òkè ní British Columbia, ní Kánádà, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta. Sátẹ́láìtì Soviet náà gbọ́ igbe wọn, a sì gbà wọ́n là láàyè, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Láti ìgbà náà, àwọn tí a ti tipa ètò yìí yọ nínú ewu ti lé ní 50,000. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ké fún gbígbọ́ tí a gbọ́ ọ.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òtútù ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú Bellview kan tí ó gbéra ní Èkó tí ó ń lọ sí Abuja já pẹ̀lú ènìyàn 117. Ìròyìn kọ́kọ́ tàn káàkiri pé ìhà Kíṣí, ní òkè Ọ̀yọ́, ni ó já sí, pé àwọn kan tilẹ̀ yè níbẹ̀. Ìròyìn òfo ni. Lísà ni ó já sí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Èkó tí ó ti gbéra. Kò sì sí ẹni tí ó yè. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa mọ bí Kíṣí ti jìnnà sí Lísà tó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, tí ó kéré, gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Bebi lẹ́bàá Obudu, ní ìpínlẹ̀ Cross River. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà nìkan, ènìyàn mẹ́ta, ni ó wà nínú rẹ̀. A wá a, a wá a, a kò rí i. Ìparí oṣù kẹjọ ni àwọn ọdẹ tó ṣe alábàápàdé àwókù rẹ̀ nínú igbó orí òkè. Ó ju oṣù márùn-ún lọ. Èmi kò wí pé ẹ̀rọ kan ì bá jí òkú dìde. Ohun tí mo ń fi hàn yín ni ohun tí àìmọ ibi ń ṣe fún àwọn tí ó kù nílé, tí wọn kò lè sọ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, tí wọn kò sì lè sọ pé kò ṣẹ̀ wọ́n.

Orílẹ̀-èdè wa ti wà nínú ètò yìí. Ibùdó tí ń gba igbe láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì fún Nàìjíríà wà ní Abuja, lábẹ́ NEMA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Ibùdó mìíràn wà ní Èkó, lábẹ́ NIMASA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbàlà lójú òkun, tí ó sì ń ṣe é fún Nàìjíríà àti fún àwọn aládùúgbò wa bí Benin, Togo, Cameroon àti Gabon. Èyí kan àwa ọmọ Ìlàjẹ, nítorí pé àwọn ènìyàn wa ń pẹja dé gbogbo etí òkun wọ̀nyẹn.

Wàyí o, ẹ fi ọkàn bá mi lọ sí Abuja, sí iwájú ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Igbe dé. Ohun tí ó rí ni ibi kan lórí àwòrán ilẹ̀, àti lẹ́tà òun nọ́ḿbà 15 tí a tò pọ̀. Ibi náà jẹ́ ojú òkun. Ta ni ó wà níbẹ̀? Ọkọ̀ wo ni? Ènìyàn mélòó? Ṣé òótọ́ ni, àbí ọmọdé ni ó fi ẹ̀rọ ṣeré lórí pèpéle ilé? Gbogbo èyí, ẹ̀rọ kò lè sọ ọ́. Inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ìdáhùn wà, bí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ bá ti fi orúkọ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni a ó ti rí orúkọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, irú ọkọ̀ rẹ̀, àwọ̀ tí a fi kùn ún, àti nọ́ḿbà fóònù àwọn tí a lè pè nílé. Bí a bá pè, tí ẹnìkan dáhùn pé òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n òun jáde ní àná pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì, kò sì tíì wọlé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà. Bí a bá pè, tí wọ́n ní nọ́ḿbà yìí kò sí mọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ẹni tí ó wà nínú omi yóò sì máa dúró.

Àwọn baba wa mọ èyí kí sátẹ́láìtì tó dé. Nígbà tí wọ́n bá pa àrokò ránṣẹ́, owó ẹyọ àti ìyẹ́ àti okùn tí wọ́n fi pa á kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wá. Àrokò tí ó dé láìní olúwa, ẹrù lásán ni. Ẹ̀rọ tí a kò fi orúkọ sílẹ̀ fún kò yàtọ̀ sí i.

Níbi yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù wí, pẹ̀lú ìfẹ́. Ohun tí ẹ̀ ń gbèrò dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ bá rà ní ilé ìtajà níbẹ̀ yóò ní nọ́ḿbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú igbe rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú ètò yìí. Ti Nàìjíríà ni 657. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ, tí ẹ dì í pẹ̀lú aṣọ àti ọṣẹ, tí ẹ sì fi rán ẹ̀gbọ́n yín tí ń pẹja, ní ọjọ́ tí ó bá ké, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ orúkọ yín ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni a ó pè, ní àárín òru, pé ọkọ̀ yín ń rì ní etí òkun Ìlàjẹ. Kí ni ẹ ó sọ? Bí kò bá sì sí orúkọ kankan níbẹ̀, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ẹni tí ń tà á sọ ọ́ pé Nàìjíríà ni a ó ti lò ó, kí ó fi nọ́ḿbà Nàìjíríà sí i, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ má sì ra tòkunbọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, nítorí pé ẹ̀rọ tuntun wọ́n, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n bátìrì ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ọjọ́ tí ó ń kú, tí a kọ sí i lára, èyí tí kì í sábà ju ọdún mélòó kan lọ, bí a kò bá tilẹ̀ lò ó rárá. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín sì lè wà nínú ìwé síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tún wà tí ó jẹ́ pé 121.5 MHz nìkan ni wọ́n fi ń ké, tí kò sì sí nọ́ḿbà nínú igbe wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2009 ni àwọn sátẹ́láìtì ti dẹ́kun gbígbọ́ ìyẹn. Lóòótọ́, ẹ̀rọ òde òní ṣì ń fi ohùn kékeré kan sí ibẹ̀ kí àwọn tí ó bá ti súnmọ́ tòsí lè tọ ipa rẹ̀ dé ibi tí ènìyàn wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní ju 121.5 lọ, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójú òkun, sátẹ́láìtì kan kò ní dá yín lóhùn.

Ìdí tí wọ́n fi pa á tì pa mí lẹ́rìn-ín. Ohunkóhun ni ó lè ṣèèṣì ké lórí ìgbì náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ní ìlú Corvallis ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, àwọn agbófinró àti àwọn agbanilà wá kan ilẹ̀kùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Sátẹ́láìtì ti gbọ́ igbe ẹni tí ó wà nínú ewu láti inú ilé rẹ̀. Wọ́n wo òun, òun náà wo wọn. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni ó ń ké! Ìgbà tí ó pa á ni igbe dáwọ́ dúró. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò pé àwọn tí wọ́n rán sí ìdí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ náà ì bá wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń kú lọ. Títí di òní, igbe èké ni ó pọ̀ jù nínú igbe tí ń dé. Bí àwọn ọmọ wa bá ń tẹ ẹ̀rọ nítorí pé ẹ́ńjìnì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń rí etí òkun, orúkọ ìlú wa yóò bàjẹ́ ní Abuja. Ẹ̀rọ náà ní bọ́tìnnì ìdánwò ọ̀tọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni kí a tẹ̀, níwọ̀nba ìgbà tí ìwé rẹ̀ bá wí.

Mo ní n ó padà sí Fairbanks. Ìwà wa ni pé ohun tí a bá fẹ́ràn, a ó tì í mọ́ inú àpótí. Mo ti wọ ilé tí a ti tọ́jú àwọn ìgò tí ń tan iná sókè fún ìgbà ìjì sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwo àlejò. Bí a bá ra ẹ̀rọ yìí fún apẹja, tí ìyàwó rẹ̀ bá a tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí iyọ̀ òkun má baà jẹ ẹ́, a ti fi owó wa ṣòfò. Kì í ṣe nínú àpò tí ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ pàápàá ni ó yẹ kí ó wà. Ọkọ̀ a máa dojú dé ní ìṣẹ́jú kan, kì í dúró de ẹni tí ń tú àpò. Ara ènìyàn ni kí ó wà, kí a so ó mọ́ aṣọ ìléfòó, kí okùn rẹ̀ le. Bí a bá fẹ́ lò ó, kí a na ọ̀pá rẹ̀ sókè, kí ọ̀pá náà má wà nínú omi, kí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ ń bi mí léèrè láti àná, fún yín náà ni: abẹ́ igi dídí kò dára fún un, ẹ wá ibi tí ojú ọ̀run gbé là, tàbí orí àpáta, kí ẹ gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ má sì kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ má pa á lẹ́yìn wákàtí kan nítorí pé ẹ kò rí ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ní fóònù lè ṣe gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 2022 ni àwọn fóònù kan ti lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì nígbà pàjáwìrì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ti ń ṣiṣẹ́, bátìrì fóònù tí a ti fi wo fíìmù láti àárọ̀ kò sì lè dúró di ọjọ́ kejì.

Ohun kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Kí igbe dé Abuja kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ agbanilà wà létí omi wa tí ó ń dúró. Ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lè jìnnà, òkun sì lè máa ru. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn tí yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó ti rí láti ayébáyé. Ìyàtọ̀ ni pé ní ìgbà yìí wọn yóò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, bí ẹnìkan bá wà nílé tí Abuja lè bá sọ̀rọ̀, tí ó lè kọ nọ́ḿbà ibi náà sílẹ̀ láìṣì í kọ, tí ó sì lè jí àwọn ọlọ́kọ̀ lóru. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù kò lè bá wa ṣe é.

Nítorí náà èrò mi nìyí, Alága. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí a bá fún ní ẹ̀rọ sínú rẹ̀, nọ́ḿbà ẹ̀rọ náà, àwọ̀ ọkọ̀, àti ọjọ́ tí bátìrì yóò kú. Kí fóònù ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀kan tí kì í kúrò nílé, kí a yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa gbà á ní àgbàyípo, tọ̀sán tòru, kí nọ́ḿbà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a kọ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní Abuja. Kí apẹja tí ó bá ń jáde sọ fún ilé ibi tí ó dorí kọ àti ọjọ́ tí a ó máa retí rẹ̀. Bí ìpàdé yìí bá gbà láti ṣe èyí, mo fara mọ́ ọn pé kí a ra ẹ̀rọ náà kí a tó ra páànù kan fún gbọ̀ngàn. Bí a kò bá lè ṣe é, bí a bá mọ̀ nínú ara wa pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìwé náà yóò di ohun tí a fi ń di àkàrà, ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n fi owó wọn pamọ́, kí a sì kan òrùlé wa.

Àwọn tí ó bá fẹ́ wà nínú àwọn ẹni mẹ́ta náà, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí a tó tú ká. Ó sàn kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, nítorí pé àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń wà nílé nígbà tí ọkọ̀ bá jáde. Mo mú ẹ̀rọ kan wá, ó wà lórí tábìlì níwájú Alága. Mo ti yọ bátìrì rẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi ọwọ́ kàn án, kí àwọn ọmọdé náà sì wò ó.